Owó Nìkan Kọ́: Ìtàn Àkókò Tí Obìnrin Fi Ń Wá Ọmọ Nílẹ̀ Yorùbá

Bí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú àìrọ́mọbí bá délẹ̀ láàárín wa lónìí, ohun tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni iye tí wọ́n ń gbà. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí owó náà pọ̀. Àmọ́ nǹkan mìíràn wà tí obìnrin tó ń wá ọmọ ń ná, tí ẹnikẹ́ni kì í bi í léèrè: ọjọ́ ayé rẹ̀ ni. Ọjọ́ tí kò ṣí ṣọ́ọ̀bù, òru tí kò fojú kan oorun, oṣù tó fi ń ka ọjọ́ nǹkan oṣù lórí kàlẹ́ńdà, àwáwí tó ń wá fún ọ̀gá iṣẹ́ àti fún ìyá ọkọ bí wọ́n bá bi í pé níbo ló ń lọ, iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń pè é ní iṣẹ́. Iṣẹ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí IVF, ìtọ́jú tí a fi ń pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ nínú yàrá ìwádìí, dé. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, ó sì ní ìtàn. Ohun tí ìtàn náà kọ́ wa ni pé ọ̀nà tuntun kan ò tíì dé tó sọ pé kí obìnrin sọ ẹrù ti tẹ́lẹ̀ kalẹ̀. Ńṣe ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gorí èyí tó wà nílẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì ń dúró sórí ẹnì kan ṣoṣo.

Ká tó bá ẹnikẹ́ni wí pé ó ná ogún ọdún sórí ohun tí kò dá a lójú, ó yẹ ká wo ohun tí ọmọ dúró fún nínú ilé olórogún láyé àtijọ́. Bí baálé ilé bá kú láìṣe ìwé ìhágún, iye ìyàwó tó bímọ fún un ni wọ́n fi ń pín ogún rẹ̀, èyí tí a ń pè ní ìdí-igi. Ìyàwó tó bí ọmọ kan ní ìpín kan, èyí tó bí mẹ́fà náà ní ìpín kan. Èyí tí kò bí rárá kò ní ìdí níbẹ̀. Ìyàwó fúnra rẹ̀ kì í sì í jogún ọkọ; àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gba ìpín náà. Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ lórí ogún Suberu Dawodu ti ìlú Èkó, ẹni tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Àwọn kan nínú ẹbí ń fẹ́ kí wọ́n pín in ní orí-ojorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ lọ́gbọọgba. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà dá a lọ́dún 1958 pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1962. Èyí fi hàn pé obìnrin tó ń sáré kiri nítorí ọmọ mọ ohun tó ń sáré fún. Ilé tí yóò gbé lọ́jọ́ alẹ́ àti ẹni tí yóò fún un lóúnjẹ tí kò bá lè dìde mọ́ wà lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ní Òṣogbo, Ọ̀ṣun ni àwọn tó ń wá ọmọ ń sá tọ̀. Lóṣù Ògọ́ọ̀sì ọdọọdún ni arugbá ń gbé igbá lọ sí odò, tí àwọn obìnrin láti ọ̀nà jíjìn ń bu omi mu, tí wọ́n sì ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òrìṣà bá fún àwọn lọ́mọ, àwọn á padà wá dúpẹ́. Ìjọba sọ igbó náà di ibi àjogúnbá orílẹ̀-èdè lọ́dún 1965, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005, nítorí náà gbogbo ayé ló mọ̀ nípa ọdún rẹ̀. Ohun tí àlejò kì í rí ni ìyókù ọdún. Olùsìn ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń pé ní ọrọọrún, ó ní ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé. Ẹni tó bá sì jẹ́jẹ̀ẹ́ ti jẹ gbèsè: bí ọmọ bá dé, ìrìn àjò kò parí, nítorí ìyá gbọ́dọ̀ máa padà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ babaláwo ló kọ́kọ́ lọ, ẹbọ tí Ifá bá yàn ní àwọn ohun tí a gbọ́dọ̀ wá kiri ọjà kí ẹbọ tó pé. Obìnrin tó ń ṣòwò, tí ọjà rẹ̀ ń ná ní ọrọọrún, lè rí i pé ọjọ́ tí òrìṣà ń pè é náà ni ọjọ́ tí oníbàárà ń retí rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì.

Iṣẹ́ àgbo tún wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá dé ọjà Bódè n'Íbàdàn á rí àwọn ẹlẹ́wẹ́ ọmọ àti lékulẹ́jà, níbi tí èèpo igi, egbò, ewé àti àwọn nǹkan gbígbẹ wà lóríṣiríṣi. Rírà wọn ni ìbẹ̀rẹ̀. A ó ṣà wọ́n, a ó fọ̀ wọ́n, a ó gún èyí tó yẹ ní gígún, a ó se ìyókù nínú ìkòkò, a ó sì máa dá iná sí i lójoojúmọ́ kó má baà kan. Àsèjẹ ní àkókò tirẹ̀: òmíràn wà tí obìnrin gbọ́dọ̀ jẹ kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láàárọ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé yóò jí ṣáájú gbogbo ilé. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó di babaláwo, kó irú ìmọ̀ báyìí jọ sínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Ewé, tó jáde lọ́dún 1995. Àpapọ̀ oògùn 447 ló wà nínú rẹ̀, ó sì ya apá kan sọ́tọ̀ fún oyún àti ìbímọ. Ó kọ ewé, ó kọ bí a ṣe ń ṣe é, ó kọ ọfọ̀ tó bá a lọ. Wákàtí tí ó ń gba ẹni tó ń lò ó kò sí lára ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń kọ sílẹ̀. Mi ò fi èyí bá Verger wí. Mo mú un wá láti fi hàn pé àwọn tó tọ́jú ìmọ̀ yìí dáadáa pàápàá, ohun tó ń wọ inú ìkòkò ni wọ́n tọ́jú, ẹni tó ń dáná sídìí ìkòkò kò sí nínú àkọsílẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé mò ń fi ojú òde òní wo ayé àtijọ́. Láyé ìgbà yẹn, yóò ní, àwùjọ ló ń bá obìnrin gbé ẹrù náà: gbogbo ìlú ló ń sin arugbá dé odò, ìyá ọkọ ló ń se àgbo, àwọn obìnrin ilé ló ń bá a tọ́jú ṣọ́ọ̀bù. Òtítọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì gbà á. Wíwá ọmọ kì í ṣe ohun ìtìjú lójú odò Ọ̀ṣun, kò sì sí ẹni tó ń fi ojú pamọ́ níbẹ̀. Àmọ́ àwùjọ tó ń bá obìnrin gbé e náà ló ń ṣọ́ ọ. Ìyá ọkọ tó ń se àgbo ló ń ka oṣù, òun náà ló sì máa kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí ọmọ òun fẹ́ ìyàwó mìíràn. Nígbà tí Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1997, ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé obìnrin ni ẹ̀bi àìrọ́mọbí ń wà lórí rẹ̀. Ìwádìí tí Tola Olu Pearce tẹ̀ jáde lọ́dún 1999 fi kún un pé obìnrin tí kò bímọ kì í ní ẹnu ọ̀rọ̀ láàárín ẹgbẹ́. Ìrànlọ́wọ́ àwùjọ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ náà ni wọ́n ti dá lẹ́bi kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn òrìṣà àti àgbo ni àdúrà gba òde. Lọ́dún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, lábẹ́ wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn rọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò àti ìgò fún omi ìyè, àwọn tó ń wá ọmọ sì wà lára wọn. Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi, Kérúbù àti Séráfù àti àwọn ìjọ Aládùúrà yòókù sọ omi, ààwẹ̀ àti ìṣọ́ òru di ọ̀nà ìtọ́jú. Ní Ẹdẹ, orí òkè tí wòlíì Samson Akande dá sílẹ̀ gbajúmọ̀ débi pé Bàbá Abíyè ni gbogbo èèyàn mọ wòlíì náà sí. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, ààfáà ń fọ hàntú fún obìnrin mu, àwọn ẹgbẹ́ àsálátù bíi NASFAT, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1995, sì sọ àárọ̀ Sunday di àkókò àdúrà. Àwọn ìjọ ìgbàlódé tún dé pẹ̀lú ìpàgọ́ ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí àdúrà òru Friday àkọ́kọ́ nínú oṣù ti di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀. Àwọn Aládùúrà àkọ́kọ́ ní kí ọmọ ìjọ jáwọ́ nínú oògùn, ti ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó. Bí gbogbo obìnrin bá ti gbọ́ràn ni, ẹrù ì bá fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ ń jẹ lọ́kàn kì í pa ilẹ̀kùn kan dé kí ó tó ṣí òmíràn. Ó ń gbààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá rẹ̀ ń fi àgbo ránṣẹ́ láti ilé, orí ìkúnlẹ̀ ló sì ń wà mọ́jú kí ó tó lọ jókòó sórí ìjókòó ọsibítù ní aago méje àárọ̀.

Ọsibítù ńkọ́? UCH ṣí ilẹ̀kùn n'Íbàdàn lọ́dún 1957, LUTH tẹ̀ lé e n'Ídí-Àràbà l'Ékòó láìpẹ́, ó sì jọ pé ìṣègùn òyìnbó yóò mú ọ̀rọ̀ yìí yá. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àyẹ̀wò ṣe pín láàárín ọkọ àti ìyàwó. Ti ọkọ rọrùn: yóò ta kété sí ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ méjì sí méje, yóò fi àtọ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tán, àfi tí dókítà bá ní kó tún un ṣe. Ti ìyàwó ń tẹ̀ lé nǹkan oṣù. Ẹ̀jẹ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ gbà láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún. Àwòrán x-ray tó ń fi hàn bóyá ọ̀nà tí ẹyin ń gbà wọ ilé ọmọ là, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá dá, kí ẹyin tó jáde, la ń yà á. Ẹ̀jẹ̀ mìíràn tún wà ní nǹkan bí ọjọ́ kọkànlélógún. Bí iṣẹ́, òjò, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tàbí ìdaṣẹ́sílẹ̀ bá mú un pàdánù ọjọ́ kan péré, oṣù kan odindi ti lọ. Èyí ni ibi tí ìṣirò owó ti ń tan wá jẹ. Owó àyẹ̀wò méjèèjì nìkan la máa ń kà, ṣùgbọ́n àkókò wọn kò jọra rárá. Síbẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ gba àárọ̀ kan ni àṣà wa máa ń fi sẹ́yìn, ẹni tí tirẹ̀ gba oṣù ni a máa ń kọ́kọ́ tì síwájú.

Ohun tí àyẹ̀wò ń wá ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Láàárín ọdún 1979 sí 1984, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe àyẹ̀wò kan náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọkọtaya ní orílẹ̀-èdè 25. Ibi tí Áfíríkà ti yàtọ̀ sí ìyókù ayé ni pé àkóràn ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú àìrọ́mọbí àwọn obìnrin wa, pàápàá èyí tó dí ọ̀nà ẹyin. Irú àkóràn bẹ́ẹ̀ lè wá láti inú àrùn ìbálòpọ̀ tí a kò tọ́jú, tí ọkọ lè kó wálé, tàbí láti inú oyún tó bàjẹ́ àti ìbímọ tí kò sí ìmọ́tótó níbẹ̀. Ọ̀nà tó ti dí kò mọ̀ pé a gbààwẹ̀. Kò sí àgbo tó ń là á, iṣẹ́ abẹ tí àwọn dókítà ń ṣe sí i nígbà náà kì í sì í sábà yọrí sí oyún. Obìnrin tí èyí ṣẹlẹ̀ sí lè rìn láti Òṣogbo dé Iléṣà, láti Iléṣà dé Ẹdẹ, kí ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe láìyẹsẹ̀, kí ó sì dàgbà kọjá ọjọ́ ìbímọ láìmọ ohun tó ń bá jà.

Fún irú obìnrin yìí gan-an ni wọ́n ṣe dá IVF sílẹ̀. Ìtàn Louise Brown, ọmọ IVF àkọ́kọ́ láyé, tí wọ́n bí ní ìlú Oldham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóṣù Keje ọdún 1978, bẹ̀rẹ̀ láti ara ìyá tí ọ̀nà ẹyin rẹ̀ dí. Gbogbo ayé ló mọ orúkọ Robert Edwards àti Patrick Steptoe, àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn tí ayé kò mọ̀ ni obìnrin 282 tó gbà kí wọ́n fi ara wọn ṣe ìwádìí náà láàárín ọdún 1969 sí 1978. Wọ́n ń sùn sí ọsibítù, àwọn kan nínú wọn ń gba ìtọ̀ sínú ìgò ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta tọ̀sán-tòru, kí àwọn oníwádìí lè mọ ìgbà tí ẹyin fẹ́ jáde, bó bá sì jẹ́ òru ni, òru náà ni wọ́n ń wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọmọ méjì péré ló jáde nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn. Jean Purdy, tó ń bójú tó iṣẹ́ inú yàrá ìwádìí náà, kò sí lára àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn sórí àmì ìrántí àkọ́kọ́ ní Oldham, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Edwards fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi í sí i. Àṣà kí iṣẹ́ obìnrin má hàn nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ló mú ọgbọ́n náà wá sí LUTH, ọmọ IVF tiwọn sì dé lọ́dún 1989. Síbẹ̀, nígbà tí ọsibítù kan l'Ábújá fi ọmọ IVF han aráyé lọ́dún 1998, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà nìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án lọ, ìròyìn ti Èkó kò tàn. Èyí kò yani lẹ́nu ní ilẹ̀ tí àwọn òbí kì í fẹ́ kí ará àdúgbò mọ ọ̀nà tí ọmọ gbà wá. Láti ìgbà tí àwọn ilé ìtọ́jú aládàáni bíi Bridge Clinic ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1999, IVF ti di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe, ṣùgbọ́n ní bòókẹ́lẹ́. Ìtọ́jú náà gba abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sikáànì lọ́jọ́ mélòó kan síra, abẹ́rẹ́ ìkẹyìn tí a gbọ́dọ̀ gún ní wákàtí tí dókítà dá gẹ́lẹ́, nítorí nǹkan bí wákàtí mẹ́rìndínlógójì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n máa kó ẹyin. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dá ọlẹ̀ padà sínú ilé ọmọ, ọ̀sẹ̀ méjì ìdúró, oògùn ń bá a lọ. Púpọ̀ nínú abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró. Obìnrin tó ń gbé Adó-Èkìtì tàbí Ìlọrin tó sì ń gba ìtọ́jú l'Ékòó gbọ́dọ̀ wá ibi tó máa wọ̀ sí, yìnyín tó máa fi tọ́jú oògùn, àti ìdí tó máa sọ fún ìbátan tó gbà á lálejò. Fífi nǹkan pamọ́ fún odindi ilé jẹ́ iṣẹ́ kan lórí iṣẹ́ yòókù, kò sì sí ìwé owó ilé ìtọ́jú kankan tó ń kọ ọ́ sí.

Òfin pàápàá kò kà á. Apá 54 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fún ìyá ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ìpínlẹ̀ Èkó fi kún tirẹ̀ lọ́dún 2014: oṣù mẹ́fà fún obìnrin tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà lórí ọmọ méjì àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́wàá fún ọkọ. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n òfin wọ̀nyí ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ lẹ́yìn tí oyún bá ti dúró. Olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tó nílò àárọ̀ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì fún sikáànì gbọ́dọ̀ bu wọ́n nínú ìsinmi ọdún rẹ̀, tàbí kó purọ́ pé ibà ló mú òun.

Àwọn ọkọ máa ń dáhùn pé àwọn náà ń ná tiwọn, nítorí àwọn ló ń sanwó. Ọ̀pọ̀ wọn ń san án lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìyàwó sì ń fi èrè òwò tiwọn kún un. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a lè yá owó, a lè dá èésú, a lè ta ilẹ̀. Ọdún kò ṣeé yá. Bí obìnrin bá ti ń kọjá ọdún márùndínlógójì, ẹyin rẹ̀ ń dínkù sí i lọ́nà tí kò sí ilé ìtọ́jú tó lè dá a padà. Nítorí náà, àkókò kì í ṣe ohun kan lára iye tí ìtọ́jú ń náni. Òun gan-an ni ohun tí ìtọ́jú fi ń ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́ta tí ọkọ kò fi gbà kí wọ́n yẹ òun wò ti dín agbára IVF kù kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ kan.

Àwọn mìíràn yóò ní sùúrù ni baba ìwà, pé ọmọ tí a dúró dè ló ń dùn. Sùúrù dára fún ohun tí ọwọ́ wa kò ká. Ohun tí ọwọ́ wa ká ńkọ́? Títẹ́wọ́ gba àyẹ̀wò ọkọ kò gba sùúrù, àárọ̀ kan ló gbà. Ẹnikẹ́ni kò sì ní kí obìnrin fi Ọlọ́run sílẹ̀ tàbí kó kẹ̀yìn sí odò tí ìyá rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé. Àdúrà kò dí dókítà lọ́wọ́. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni kí a máa fi ọdún márùn-ún dán ìgbàgbọ́ obìnrin wò kí ẹnikẹ́ni tó bi ọkọ ní ìbéèrè kan.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2023 pé nínú àgbàlagbà mẹ́fà láyé yìí, nǹkan bí ẹnì kan ni yóò pàdé àìrọ́mọbí lákòókò kan. Kò sí ẹbí Yorùbá tó lè sọ pé kò kàn wọ́n. Bí ẹ bá jẹ́ ọkọ, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò tiyín lóṣù kan náà tí ìyàwó yín bá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ ìyá ọkọ, ẹ yé ka oṣù fún un. Bí ẹ bá sì jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́, ẹ fún un ní àárọ̀ tó tọrọ, ẹ má sì bi í ní ìdí rẹ̀.